Orúkọ Àlejò Tí A Jọ Ń Jẹ́

Mo rántí ìka kan. Ìka arúgbó ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó tutù bí omi àmù. Ó nà wá láti orí ibùsùn ilé ìwòsàn, ó sì kan káàdì tí mo so mọ́ àyà aṣọ iṣẹ́ mi. Ìgbà ìwọ́wé ni. Lẹ́yìn fèrèsé yàrá ọ̀hún, ewé igi ti pọ́n, wọ́n ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan láìkánjú, oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń gba àárín wọn kọjá wá sórí aṣọ ìbora. Mo rò pé omi ni ìyá náà fẹ́ gbà, mo ti ń na ọwọ́ sí ife. Àṣé orúkọ mi ni wọ́n ń kà tí ètè wọn fi ń mì. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Ọmọ, níbo lo ti rí orúkọ mi?"

Mo wo ìdè tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi sí wọn lọ́rùn ọwọ́. Gathercole ló wà níbẹ̀. Gathercole ló wà lára káàdì tèmi náà. Èmi tí mo ti Abẹ́òkúta wá ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Maryland, àti ìyá aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí kò dé Áfíríkà rí, a wá ń jẹ́ orúkọ òyìnbó kan náà, orúkọ tí àwọn òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pàápàá máa ń ní àwọn ò gbọ́ rí. Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá náà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò sì tètè fi í sílẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ bí orúkọ yìí ṣe rí lára mi nígbà náà. Ní Abẹ́òkúta, ilé kan ṣoṣo ló ń jẹ́ ẹ, ilé wa sì ni. Ẹnu àwọn àgbà àdúgbò ò gbà á, ọmọ ilé Gádákóò ni wọ́n ń pè wá, a sì ń dáhùn. Nílé ẹ̀kọ́, bí olùkọ́ bá ń pe orúkọ wa tó sì kan tèmi, yóò dúró díẹ̀, yóò gbójú sókè wo irú ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdúró yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀. Mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ìlú ọba ni baba ńlá wa ti wá, pé ó ní ilé olókùúta lórí òkè, ó sì ní ẹṣin funfun kan. Mo tilẹ̀ fún ẹṣin náà lórúkọ. Bí ẹnìkan bá bi mí pé báwo ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe wá dúdú tó báyìí, mo máa ń ní oòrùn ni. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn rí láti béèrè ilé tí wọ́n wò kí wọ́n tó fún wa ní tiwa.

Ìyá náà ní ọmọ-ọmọ kan, ọkùnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ kan nítòsí Largo. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wá wo wọ́n, táì rẹ̀ á ti tú lọ́rùn, á jókòó, á máa ka ìwé ìròyìn sí wọn létí. Ohùn rẹ̀ kì í yára. Nígbà tí ara ìyá yá, tí wọ́n padà sílé ní Kettering, wọ́n ní kí n wá bá àwọn jẹun lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, kí àwọn lè wo ojú mi dáadáa. Mo lọ. Mo tún lọ. Láti yàrá mi ní Adelphi títí dé Kettering, mo máa ń sọ fún ara mi nínú ọkọ̀ pé ìdí orúkọ yìí ni mò ń wá lọ. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé orúkọ nìkan kọ́ ló ń wa ọkọ̀ náà. Ọmọ-ọmọ ìyá a máa dúró dè mí láàárín ewé gbígbẹ níwájú ilé, pẹ̀lú ìgbálẹ̀ onírin tí kò fi gbá nǹkan kan. Kí yìnyín àkọ́kọ́ tó bọ́, ó ti sọ fún mi pé òun fẹ́ fi mí ṣe aya, èmi náà sì ti ní ó dára.

Mo pe bàbá mi nílé. Wọ́n yọ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n béèrè orúkọ ìdílé ọmọ náà. Ẹ̀rín ni mo fi dá wọn lóhùn. Mo ní, "Dádì, Gathercole ni o."

"O ní kí ni?"

"Gathercole, sà. Bíi tiwa."

"Àbúrò bàbá bàbá mi kan wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kàwé ní Amẹ́ríkà," ni bàbá mi wí. "Kò kọ lẹ́tà, kò padà wálé. Títí bàbá mi fi kú ni wọ́n ń dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà òwúrọ̀. Ìwọ náà gbọ́ ọ."

Mo gbọ́ ọ lóòótọ́. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe àmín sí ẹni tí mi ò mọ̀.

"Orúkọ wa ò pọ̀ nílẹ̀," ni wọ́n tún ní. "Bí o bá rí Gathercole tó dúdú níbẹ̀, ọmọ ẹni wa tó sọnù ni. Ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ lo wá fẹ́ fẹ́?"

Bàbá mi kì í pariwo, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í yí padà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà kì í fẹ́ ara wọn nílé wa, bó ti wù kó jìnnà tó. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ ìtọrọ iyàwó títí a ó fi mọ bí orúkọ náà ṣe dé ilé àwọn yẹn. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ẹni wa tó sọnù yẹn ni wọ́n, a ó gbà wọ́n sílé tayọ̀tayọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ, a ò ní gbà wọ́n gẹ́gẹ́ bí àna. Ọmọkùnrin náà ní kí á tu itọ́ sínú ìgò, kí á fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bàbá mi ní kí n bá àwọn kí i, àmọ́ itọ́ kọ́ ni yóò máa pìtàn ilé fún àwọn.

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí orúkọ mi. Nígbà ìsinmi níbi iṣẹ́, mo máa ń jókòó ti fóònù pẹ̀lú oúnjẹ nínú abọ́ lórí itan, mo ń kà nípa ilẹ̀ ẹrẹ̀ kan ní ìlà-oòrùn ìlú ọba, níbi tí ìkùukùu kì í tètè ká, tí àwọn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ gbé. Àwọn kan ní orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pe arúgbó ni. Àwọn kan ní ẹni tó ń kó ewébẹ̀ jọ ni. Kò sí ẹni tó dárúkọ ilé olókùúta. Ẹṣin funfun mi bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Nígbà mìíràn mo máa ń di ojú, mo máa ń rí àwọn arúgbó òyìnbó tó tẹ̀ba nínú ìkùukùu yẹn, tí wọ́n ń ká ewébẹ̀, tí wọn ò mọ̀ pé nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú kan ń ṣọ́ wọn lẹ́yìn.

Bàbá mi ò dúró de ohun tí mò ń kà. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ lọ sílé ẹ̀kọ́, tó ń gbé ní Glenn Dale, tó sì jẹ́ àgbà nínú ìjọ Áńgílíkà tí mò ń lọ. Wọ́n fi í ṣe alárinà, wọ́n ní kó ṣe ìwádìí ìdílé náà bí a ṣe ń ṣe é nílé. Alárinà wa sì ṣe é bí a ṣe ń ṣe é nílé gan-an. Ó jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé nígbà ìrúwé, ó wọ agbádá, ó dé fìlà, ó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lókèèrè kí ẹnikẹ́ni má bàa fura, ó wá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Kettering, ó ń bi àwọn aládùúgbò léèrè irú èèyàn tó ń gbé nílé yẹn.

Èmi wà nílé ìdáná ìyá lọ́jọ́ náà, mò ń bá wọn bó ọ̀dùnkún. Mo gbójú sókè, mo rí agbádá aláwọ̀ sánmà tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ láàárín àwọn ilé tó jọra wọn. Mo kọ́kọ́ rò pé àlá ni. Ọmọkùnrin náà bá mi yọjú lójú fèrèsé.

"Ta nìyẹn?"

"Alárinà wa ni. Ó ń ṣe ìwádìí rẹ."

"Ṣé background check ni?"

"Òun ni. Kọ̀ǹpútà nìkan ni kò sí nínú rẹ̀."

Alárinà fúnra rẹ̀ ló ròyìn fún mi lẹ́yìn náà. Nílé àkọ́kọ́, ohùn kan ti inú agogo ẹnu ọ̀nà jáde, ó ní àwọn ti ní ìjọ tí àwọn ń lọ. Nílé kejì wọ́n rò pé ìbò ló wá tọrọ, wọ́n sì mú un lọ wo kòtò kan lójú títì. Nílé tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan fún un ní omi ọsàn, ó sì sọ gbogbo ohun tó mọ̀. "Mo ti ṣe é, ọmọ mi," ni alárinà wí. "Wọ́n ń gé koríko wọn lásìkò. Wọn kì í jà. Ìyá yẹn ló ń gbé ọbẹ̀ lọ fún ẹni tó bá ń ṣàìsàn ládùúgbò. Everything okay. Ó ku orúkọ."

Ní gbogbo àsìkò tó fi ń lọ láti ilé dé ilé lọ́jọ́ náà, ìyá ti ń wò ó. Wọ́n fi ọ̀bẹ sílẹ̀, wọ́n lọ jókòó lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì juwọ́ sí i. "Ọ̀gbẹ́ni aláṣọ ńlá, o ti bi gbogbo èèyàn tán. Ó ku èmi."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì. Àmọ́ alárinà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, débi tí eékún rẹ̀ gbà á dé, ó sì jókòó. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni èèwọ̀, torí orúkọ lè tan èèyàn jẹ, ṣùgbọ́n àwọn tó bá jọ ní èèwọ̀, ibì kan náà ni wọ́n ti wá. Ó bi ìyá pé kí ni nǹkan tí ìdílé wọn kì í jẹ.

Ìyá ronú sí i dáadáa. Wọ́n ní, "Iyọ̀. Dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀."

Alárinà mi orí, ó ní kò sí iyọ̀ nínú tiwa. Ó wá béèrè ibi tí orúkọ wọn ti wá. Ìyá wo ojú títì lọ, wọ́n ní kó fún àwọn láyè díẹ̀ kí àwọn tó sọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, èmi sì dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú omi ọ̀dùnkún lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ojúgbà àwọn ní ìjọ ti lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, wọ́n sì fún olúkúlùkù ní orílẹ̀-èdè kan. Àwọn ò fẹ́ orílẹ̀-èdè. Orílẹ̀-èdè ò lè jókòó ti èèyàn. Láti ìgbà èwe ni àwọn ti ń retí pé ẹnìkan á kọjá omi wá tí yóò mọ orúkọ àwọn. "Nígbà tí mo ka káàdì ọmọ yìí," ni wọ́n wí, "mo ní Ọlọ́run, wọ́n ti wá o. Mo sùn lọ́jọ́ yẹn bí ọmọ ọwọ́."

Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ohun tí mò ń gbàdúrà pé kó má jẹ́ òótọ́, òun ni ìyá ń gbàdúrà pé kó jẹ́ òótọ́. Bí a bá jẹ́ ẹbí, ìyá rí èèyàn wọn, èmi pàdánù ọkọ. Bí a ò bá jẹ́ ẹbí, mo lọ́kọ, ìyá sì padà di ẹni tí kò mọ orísun. Mo fẹ́ràn wọn. Mo sì fẹ́ràn ọmọ wọn. Mo padà sínú ilé ìdáná, mi ò sì rántí bí mo ṣe bó àwọn ọ̀dùnkún tó kù.

Nílé, bàbá mi lọ jókòó ti ìyá tó dàgbà jù nínú ìdílé wa. Wọ́n pè mí láti ibẹ̀ kí n lè fojú rí wọn, ṣùgbọ́n màmá náà gbé fóònù sún mọ́ ojú débi pé iwájú orí wọn àti gèlè wọn nìkan ni mo rí, ohùn wọn wá ń bọ̀ bí ẹni pé láti inú kànga. Wọ́n ní nígbà ogun, ọmọdé ni baba ńlá wa nígbà tí wọ́n jí i gbé tí wọ́n tà á sọ́kọ̀ ẹrú. Àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà lójú òkun, wọ́n kó wọn lọ sí Sàró, wọ́n fi í sílé ẹ̀kọ́ àwọn míṣọ́nnárì. Àwọn onínúure ní ìlú ọba a máa fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n fi orúkọ tí àwọn bá fẹ́ sọ ọmọ kan níbẹ̀. Ìyá òyìnbó kan wà tí ọmọkùnrin rẹ̀ kú. Ó ránṣẹ́ pé kí wọ́n wá ọmọ tí yóò máa bá ọmọ òun jẹ́ orúkọ. Ìyá yẹn ò rí baba ńlá wa rí, òun náà ò sì rí i. Ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ó dàgbà, ó wálé sí Abẹ́òkúta pẹ̀lú òòlù rẹ̀ àti orúkọ òkú ọmọ náà.

"Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ló sọ wá lórúkọ," ni màmá wí. "Ẹ̀jẹ̀ òyìnbó kankan ò sí níbẹ̀."

Lọ́jọ́ náà ni ẹṣin funfun mi kú. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò. Ìyá òyìnbó tó jókòó sínú ìkùukùu, tó ń rò pé orúkọ ọmọ òun ṣì ń rìn lábẹ́ oòrùn níbì kan, gba ọkàn mi ju ẹlẹ́ṣin funfun lọ. Àmọ́ ìtàn náà ò tú wa sílẹ̀. Àbúrò tó wọ ọkọ̀ ojú omi ṣì wà. Màmá ní ọmọdébìnrin ni àwọn nígbà tó lọ, àwọn ṣì rántí bí bàtà rẹ̀ ṣe ń dán. Bàbá mi ní kí á má sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mọ́, kí á máa pe ara wa ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò títí òtítọ́ yóò fi hàn. Ọmọkùnrin náà gbìyànjú. Ó pè mí ní àbúrò lẹ́ẹ̀kan, ó jáde síta, ó sì ń gbá ewé níbi tí kò sí ewé.

Ìyá rí i. Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n dé fìlà ìsìn wọn, wọ́n ní kí á gbé àwọn lọ sí Upper Marlboro, kí á sì pe ọ̀gbẹ́ni aláṣọ ńlá kó wá bá wa níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan ni, onípákó, àwọn sàréè àtijọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lábẹ́ igi. Òdòdó funfun ń já láti orí igi sórí fìlà ìyá àti sórí agbádá alárinà, kò sì sẹ́ni tó gbọ̀n ọ́n dànù. Wọ́n dúró níwájú òkúta kan tí orí rẹ̀ ti dà síwájú díẹ̀. Orúkọ wa wà lára rẹ̀.

"Bàbá bàbá mi nìyí," ni wọ́n wí. "Mo ti jókòó lórí itan rẹ̀ rí. Ọmọ kékeré ni nígbà tí òmìnira àwọn ẹrú dé. Wọ́n ní kí olúkúlùkù sọ orúkọ tí yóò máa jẹ́, ó sì ní òun ò ní jẹ́ ti ẹni tó na òun. Ọkùnrin òyìnbó kan wà tó ń tún bàtà ṣe lójú ọ̀nà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi í pé, 'Kí lorúkọ rẹ?' tó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Orúkọ onísọ̀bàtà yẹn ló mú. Kò tún rí i mọ́."

Alárinà wo òkúta, ó ṣírò rẹ̀ nínú ara rẹ̀, ó ní, "Mà, bàbá yìí ti ń jẹ́ orúkọ náà kí wọ́n tó bí tiwa tó wọ ọkọ̀."

"Mo mọ̀," ni ìyá wí. "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ yìí sọ fún mi nípa ẹni tó sọnù. Mo fẹ́ gbé pẹ̀lú ìrètí yẹn díẹ̀ sí i ni." Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí òkúta náà. Wọ́n wo ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n wá wò mí. "Ẹ kì í ṣe èèyàn mi. Ẹ lè fẹ́ ara yín."

Ohun tí mo ti ń tọrọ láti ìgbà òtútù ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ẹkún ni mo sì bú sí. Ọmọkùnrin náà di ìyá àgbà rẹ̀ mú. Alárinà ṣí fìlà, ó yí ojú sí ibòmíràn. Ìyá fúnra wọn ni ò sunkún. Wọ́n ní ebi ń pa àwọn.

A padà sí Kettering, a jókòó yí tábìlì ká, mo sì pe bàbá mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, ti onísọ̀bàtà àti ti ìyá tó fẹ́ gbé pẹ̀lú ìrètí wọn díẹ̀ sí i. Bàbá mi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju èmi lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe olùkọ́ ní gbogbo ayé wọn. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn Yorùbá ni wọ́n sọ, wọ́n ní kí n máa túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, "Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé wọ́n sọ òótọ́ tí ìbá dùn mọ́ wọn láti fi pamọ́. Òtítọ́ korò, àwọn ló sì gbé e mu fún wa. Àlejò ló fún wa lórúkọ, àlejò ló fún àwọn náà. Orúkọ yẹn ò so wá pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fún wa lọ́mọ, a kì í jẹ́ kó lọ lọ́wọ́ òfo. Nílé wa, obìnrin kì í wà láìní oríkì. Èmi ni mo dàgbà jù nínú àwọn ọkùnrin ilé báyìí, ẹnu mi sì gbà á. Àjọkẹ́ ni kí wọ́n máa jẹ́. Sọ fún wọn pé ó túmọ̀ sí ẹni tí gbogbo wa yóò jọ máa kẹ́."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Mo ṣì í sọ lẹ́ẹ̀kan, mo tún un sọ. Ìyá ní kí bàbá mi pè é kí àwọn gbọ́. Bàbá mi pè é láti Abẹ́òkúta, wọ́n fa ohùn rẹ̀ bí a ṣe ń pe ọmọ nílé ní òwúrọ̀, "Àjọkẹ́." Ìyá jókòó láìmira. Bàbá mi tún pè é. Alárinà rọra sọ fún wọn pé wọ́n ní láti dáhùn.

A ṣègbéyàwó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Akọ̀wé kóòtù ní Upper Marlboro bi mí ní orúkọ tí mo máa jẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó, mo sọ ọ́, ó bi mí ní èyí tí mò ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, mo sọ ọ́, ó sì ní kí n fara balẹ̀, kí n gbọ́ ìbéèrè dáadáa. Káàdì iṣẹ́ mi ò yí padà. Àwọn kan níbi iṣẹ́ ò mọ̀ pé mo ti lọ́kọ títí oyún fi yọ.

Ìyá ti lọ sinmi báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́ ìgbà ìwọ́wé, nígbà tí oòrùn bá ń gba àárín ewé kọjá, ìka tútù yẹn ṣì máa ń kàn mí láyà. Ọmọbìnrin mi, tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn gbogbo Yorùbá tí mo bá bá a sọ, bi mí láìpẹ́ yìí pé níbo ni orúkọ wa ti wá. Ọmọ iléèwé rẹ̀ kan ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò sọ̀rọ̀ ẹṣin. Mo gbé e lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì onípákó yẹn, níbi tí ìyá ti dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá bàbá wọn. Orúkọ méjì ló wà lára òkúta tiwọn, èyí tó tóbi lókè, èyí tó kéré nísàlẹ̀.

Mo sọ fún un pé mi ò mọ ibi tí ti òkè ti wá ní tòótọ́. Ìyá kan tó ń ṣọ̀fọ̀ wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń tún bàtà ṣe wà níbẹ̀, lẹ́yìn wọn ìkùukùu ni. Ṣùgbọ́n ti ìsàlẹ̀, mo mọ ibi tó ti wá. Ẹnu bàbá mi ló ti jáde, lórí tábìlì Kettering, ojú mi ló ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pè é. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá dáhùn.